Àwọn Tó Ti Orí Bẹ́ǹṣì Wọlé

 

Gbogbo wa la rántí bí wọ́n ṣe máa ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá á mú ìwé pélébé kan jáde lápò, á ka mọ́kànlá, gbogbo ilé-ìwé á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tó bá dé ìsàlẹ̀ ìwé, á ní, "àti àwọn ìpààrọ̀ wọn." Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìpààrọ̀. Àwọn ló máa ń gbé korobá omi, àwọn ló ń ṣọ́ aago àti bàtà àwọn tó wà nínú pápá, àwọn náà ló sì ń jẹ ọsàn tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jẹyọ nínú ẹgbẹ́ wa láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní ká kọ orúkọ àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé sára pátákó, ká gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn. Àbá tó dáa ni. Àfi bí ẹnì kan ṣe dìde, tó ní àwọn mọ́kànlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré nìkan ni ká kọ, pé tí a bá ní ká ka àwọn orí bẹ́ǹṣì mọ́ wọn, pátákó ò ní gbà á. Ni ariwo bá ta. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní ó tì o. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú àwọn tó ní ó tì, orí bẹ́ǹṣì lòun náà jókòó sí fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mi ò ní dárúkọ o, ó mọ ara rẹ̀.

Oníròyìn ni mí, n kì í ṣe adájọ́. Ìtàn ni mo ní lọ́wọ́. Mo fẹ́ ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé ti ṣe láyé yìí, ní ilẹ̀ wa àti níbòmíràn, kí ẹ tó lọ kan pátákó yín.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, kò sóhun tó ń jẹ́ ìpààrọ̀ nínú ìdíje ńláńlá. Mọ́kànlá lẹ bá wọlé, mọ́kànlá náà lẹ máa lò. Tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀, ẹ ó máa fi mẹ́wàá gbá a lọ, tàbí kí ẹlẹ́sẹ̀ yíyẹ̀ náà máa tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Tó bá jẹ́ aṣọ́lé ló ṣèṣe, ọ̀kan nínú yín á bọ́ aṣọ rẹ̀ wọ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí Bert Trautmann, ọmọ Jámánì tó ń ṣọ́lé fún Manchester City, fi dúró sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1956. Àṣekágbá ife FA ni, wọ́n ń bá Birmingham City gbá a. Ó ku bí ìṣẹ́jú 17 kí eré parí nígbà tó fò mọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, ọrùn rẹ̀ sì dá. Kò mọ̀ pé ó dá. Ó sáà ń di ọrùn mú, ó ń mú bọ́ọ̀lù títí eré fi parí ní 3-1. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n yàwòrán egungun rẹ̀ tí wọ́n rí i. Àwọn tó bá ń sọ pé ìpààrọ̀ ò wúlò, kí wọ́n bi ọrùn Trautmann.

Nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1965 ni ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ wọlé. Keith Peacock ti Charlton ni, nígbà tí aṣọ́lé wọn ṣèṣe ní pápá Bolton. Òfin ìgbà yẹn le: ẹni tó bá ṣèṣe nìkan lẹ lè pààrọ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó gbà pé kóòṣì lè pààrọ̀ ẹni tó bá wù ú. Ní ti Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Mexico 1970 ló bẹ̀rẹ̀, níbi tí Anatoliy Puzach ti ikọ̀ Soviet ti wọlé lẹ́yìn ìsinmi ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Méjì péré ni wọ́n fàyè gbà. Ó di mẹ́ta ní bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, àrùn Kòrónà ló sì sọ ọ́ di márùn-ún ní 2020. Ẹ ò rí i pé àǹfààní yìí kò tíì pẹ́ láyé.

Àwọn Amẹ́ríkà ti mọ iyì ẹni tó ń wọlé lẹ́yìn ṣáájú àwa oníbọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba Adéwọlé kọjá níbí ní Ìlọrin, ẹ ó ti rí pápá bésíbọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀. Nínú eré yẹn, ẹnì kan ló máa ń dúró láàárín, tí á máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Iṣẹ́ apá ni, apá sì máa ń rẹ èèyàn. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀tá sì ti ń súnmọ́ tòsí, ẹlòmíràn tó ti ń na apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á jáde wá gba iṣẹ́ náà parí. Wọ́n máa ń ka iye eré tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà là, bí àwa ṣe ń ka gólì Yẹkínì. Mariano Rivera, ọmọ apẹja láti Panama, gba eré 652 là fún New York Yankees. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2019 láti kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn àgbà eré náà, ìwé ìbò 425 ni wọ́n dì, gbogbo 425 ló sì dárúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí irú ìbò bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀, àti àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré o.

Èyí tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ gan-an ni ti Yunifásítì Texas ní Austin. Ní 2002, ọmọ ọdún àkọ́kọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Huston Street. Bàbá rẹ̀, James Street, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé náà lòun náà, ó sì ti ju bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Nígbà tí àwọn yunifásítì pàdé ní Omaha láti parí ìdíje ọdún yẹn, ọmọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ eré kankan. Ìgbà tí nǹkan bá le ni wọ́n máa ń pè é. Eré 4 ló gbà là níbẹ̀, Texas gba ife, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ẹni tó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà. Kó tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní 2004, eré 41 ló ti gbà là fún wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, J. Brent Cox ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Texas sì tún gba ife ní 2005. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti Austin lè dìde kó ní kí wọ́n yọ orúkọ Street kúrò lára pátákó torí pé kò bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n á lé e jáde ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé, sí bọ́ọ̀lù tiwa. Tí ẹ bá jí mi lóru pé ta ni ọ̀gá àwọn tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, Roger Milla ni màá dá yín lóhùn kí n tó la ojú. Ní 1990, ẹni ọdún 38 ni. Ó ti fi ikọ̀ Cameroon sílẹ̀, ó ti lọ ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù Réunion. Ààrẹ Paul Biya ló ní kí wọ́n lọ pè é wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń gbá a láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ìkùnsínú pọ̀, àmọ́ bàbá náà dé. Kóòṣì kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ eré kan ṣoṣo ní Ítálì.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, Cameroon ń bá Romania gbá a ní ìlú Bari. Ó wọlé ní abala kejì, ó jẹ gólì ní ìṣẹ́jú 76, ó tún jẹ òmíràn ní ìṣẹ́jú 86. Eré parí ní 2-1. Ní ọjọ́ 23, Colombia ni. Kò sí gólì títí wọ́n fi bọ́ sí àfikún àkókò. Milla jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 106. Kò pẹ́ sí i, aṣọ́lé Colombia, Higuita onírun gbọ̀ngbọ̀nràn, gbé bọ́ọ̀lù jìnnà sílé, ó fẹ́ fi dárà níwájú àgbàlagbà. Milla já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sáré lọ, ó sì rọra tì í sínú àwọ̀n. Ẹ rántí ijó tó lọ jó nídìí àsíá igun pápá? Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọmọdé ilé-ìwé tó bá ti jẹ gólì ti ń sáré lọ sí igun, kódà níbi tí kò ti sí àsíá.

Ẹ wo ti England ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, torí ibẹ̀ ni mo ti gbà pé iṣẹ́ ìpààrọ̀ kì í ṣe gólì nìkan. Cameroon ti jẹ gbèsè gólì kan nígbà ìsinmi. Milla wọlé. Wọ́n gbé e ṣubú, rẹfirí fún wọn ní pẹnárítì, Kunde gbá a wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Milla fi bọ́ọ̀lù sí iwájú Eugène Ekéké, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí bẹ́ǹṣì dìde ni, ó sì jẹ gólì kejì. Ìpààrọ̀ gbé e fún ìpààrọ̀, gbogbo ilẹ̀ England ń gbọ̀n. Lóòótọ́ Lineker gbá pẹnárítì méjì wọlé, wọ́n sì fi 3-2 lé Cameroon lọ sílé, àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó dé ibi tí wọ́n dé yẹn rí ṣáájú wọn. Gólì 4 ni Milla jẹ ní Ítálì, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti wá jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní 1994 ó tún padà wá ní ẹni ọdún 42, ó tún wọlé, ó tún jẹ gólì kan sí Russia. Wọ́n na Cameroon 6-1 lọ́jọ́ náà ṣá.

Ti Mark Williams ti South Africa, ìdajì inú wa ló fi dùn mọ́ wa. Ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 1996 ni, ìjọba Abacha kò sì jẹ́ kí ikọ̀ wa lọ gbèjà ife tí a gbà ní Tunis ní 1994. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, South Africa àti Tunisia wà ní òdo sí òdo nínú àṣekágbá. Williams wọlé ní abala kejì. Ìṣẹ́jú 73, gólì. Ìṣẹ́jú 75, gólì. Mandela fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwa sì jókòó sílé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ti ọdún 2000 dùn tó bó ṣe dùn. Àwa àti Ghana la jọ gba àlejò ìdíje náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì, Super Eagles pàdé Senegal nínú ìpele kẹta sí àṣekágbá, ní pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè. Ìṣẹ́jú 7 péré ni Khalilou Fadiga fi ṣí ilé wa. Láti ìgbà yẹn, a gbá a síwájú, a gbá a sẹ́yìn, kò wọlé. Okocha dárà títí, kò wọlé. Ìsinmi dé, ìsinmi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin nígbà yẹn, ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí: ẹni tí NEPA bá ti mú iná rẹ̀ lọ, rédíò oníbátìrì ló so mọ́ etí. Ó ti ń tó àkókò tí àwọn kan ń pa rédíò, tí wọ́n ń ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Kóòṣì Jo Bonfrère wo bẹ́ǹṣì, ó mú ọmọdé kan dìde. Julius Aghahowa ni. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ọmọ ọdún 18. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, gbogbo orílẹ̀-èdè gbé ẹrù rù ú lórí, aago sì ń sáré. Ní ìṣẹ́jú 85, ọmọ náà jẹ gólì. Sùúrùlérè wó. Wọ́n bọ́ sí àfikún àkókò, òfin gólì oníwúrà ló sì wà nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ, ó ti borí nìyẹn. Ìṣẹ́jú kejì péré ni Aghahowa lò kó tó tún jẹ ẹ́. 2-1. Ó wá ń tàkìtì. Ọmọ yìí ló kọ́ gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò wa ní òkìtì. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ṣépè fún un nígbà tí ọmọ wọn fi ọrùn balẹ̀. A lu South Africa 2-0 lẹ́yìn náà, Cameroon sì fi pẹnárítì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ 13. Kò sí ohun tí pẹnárítì yẹn lè ṣe sí ọjọ́ 7.

Bí ìpààrọ̀ ṣe ń gbà wá là náà ló ti dá wa lóró. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1998, ní Saint-Denis, Denmark ti fi gólì méjì ṣíwájú nígbà tí Ebbe Sand wọlé ní nǹkan bí wákàtí kan eré. Ìṣẹ́jú-àáyá 16 ló lò nínú pápá kó tó jẹ gólì. Mẹ́rìndínlógún! Kò tíì sí ìpààrọ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀ nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Eré parí ní 4-1, Babangida ló jẹ kan tiwa.

Àwọn míì sì wà tí wọ́n wọlé tí wọ́n ba nǹkan jẹ́ fún ara wọn. Gianfranco Zola ti Ítálì wọlé láti bá wa gbá a ní Foxboro ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1994. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, ó pé ọdún 28 lọ́jọ́ náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí rẹfirí fi káàdì pupa hàn án, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Gólì Amuneke ló ṣì wà níwájú, Ítálì ku mẹ́wàá, ó sì ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí tí Baggio fi dá a padà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ìyókù.

Aṣọ́lé kejì ló jọ ẹni tí ń na apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bésíbọ́ọ̀lù jù, torí ó lè jókòó fún odidi ọdún láìwọlé. Ní 2002, Ike Shorunmu ló ṣọ́lé nínú eré méjèèjì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lù wá. Nígbà tó kan England ní Osaka ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọmọ ọdún 19 tó ń jẹ́ Vincent Enyeama ni wọ́n fi síbẹ̀, kò sì sí ọmọ England tó rí àwọ̀n rẹ̀. Òdo sí òdo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni yẹn fi wá di ògiri wa. Ti Tim Krul ti Netherlands ní 2014 tún ya ni lẹ́nu jù: kóòṣì Van Gaal mú un wọlé nígbà tí ìṣẹ́jú 120 ti pé, torí pẹnárítì nìkan. Méjì ló mú, wọ́n lé Costa Rica lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Van Gaal ti lo ìpààrọ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí pẹnárítì ti Argentina tó dé. Krul wà lórí bẹ́ǹṣì, kò lè dìde, Netherlands sì pàdánù.

Láìpẹ́ yìí náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 2024, ní Bouaké, Nwabali mú pẹnárítì méjì ti South Africa, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbá pẹnárítì tó parí ọ̀rọ̀ ni Kelechi Iheanacho, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti wá.

Àwọn obìnrin wa tilẹ̀ ti sọ ọ́ di àṣà. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà nígbà márùn-ún nígbà tó bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní Brisbane ní ọjọ́ 27 oṣù keje 2023. Ẹ rí i pé jíjókòó síbẹ̀ kì í ṣe àmì pé èèyàn ò mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n mú un wọlé, ní ìṣẹ́jú 72 ó já bọ́ọ̀lù gbà láàárín àwọn ọmọ Australia tó ń wojú ara wọn, ó gbá a wọlé láti igun tó há. Gólì kẹta wa ni, òun ló sì borí, torí 3-2 ni eré parí nínú ilé wọn.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti Rabat, ọjọ́ 26 oṣù keje 2025, àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin. Morocco ti jẹ gólì méjì kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, pápá kún fọ́fọ́, àwọn onílé ti ń jó. Okoronkwo gbá pẹnárítì wọlé ní ìṣẹ́jú 64, Folashade Ijamilusi jẹ èkejì ní ìṣẹ́jú 71. Jennifer Echegini wọlé láti orí bẹ́ǹṣì. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé nígbà tí Okoronkwo gbá bọ́ọ̀lù ìdádúró kan wá síwájú ilé, Echegini sì fẹsẹ̀ kàn án wọlé. 3-2, ife kẹwàá. Nínú àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn eré náà, tí gbogbo wọn kóra jọ yí ife ká, ẹ ò ní lè mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó jókòó.